Ihò Kẹta: Lórí Títún Ohùn Hàmóníkà Tò

Hàmóníkà oníhò mẹ́wàá, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní mouth organ, kò tóbi ju ohun tí èèyàn lè dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ahọ́n idẹ ogún ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá ń dún tí a bá fọn ọ́n, mẹ́wàá yòókù ń dún tí a bá fa èémí sínú. Ogún péré, síbẹ̀ ẹ wá wo ìjà tí àwọn tó ń fọn ọ́n ń bá ara wọn jà lórí ohùn tó yẹ kí ahọ́n kọ̀ọ̀kan máa mú jáde. Àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, bó ṣe ti Jámánì wá ni kó ṣe wà. Àwọn mìíràn ti tú tiwọn palẹ̀, wọ́n ti fi fáìlì ha á, wọ́n ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àwa tí à ń kọ kóòdù jẹun mọ irú ìjà yìí dáadáa. Ojoojúmọ́ là ń bá ohun tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ ká tó dé, a sì gbọ́dọ̀ yàn bóyá ká tún ibì kan ṣoṣo ṣe, àbí ká wó gbogbo rẹ̀. Ohun tá a fẹ́ ṣe níbí ni ká gbé àwọn ètò ohùn wọ̀nyí yẹ̀ wò bí a ṣe máa ń gbé ìwé tàbí fíìmù yẹ̀ wò, ká sọ èyí tó dára, ká sì sọ ìdí tá a fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ètò tó wà lára ọ̀pọ̀ jù lọ hàmóníkà tí ẹ máa rí lọ́jà ni wọ́n ń pè ní Richter. Òun ló wà lára Marine Band, èyí tí iléeṣẹ́ Hohner ti ìlú Trossingen ti ń tà láti 1896. Kó má bàa rú wa lójú, ẹ jẹ́ ká lo Do Re Mi tí wọ́n fi ń kọ́ akọrin. Tí ẹ bá ń fọn ọ́n láti ihò 1 lọ, Do Mi So lẹ máa gbọ́, ẹ tún máa gbọ́ Do Mi So, ẹ tún máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, Do ìkẹyìn á wá dé ní ihò 10. Tí ẹ bá ń fà á, ohun tó máa jáde ni Re So Ti Re Fa La Ti Re Fa La.

Ẹ fi ìka kà á. Láàárín, láti ihò 4 dé ihò 7, gbogbo ohùn méjèèje pé. Nísàlẹ̀, láti ihò 1 dé ihò 4, Fa kò sí, La náà kò sí. Lókè pátápátá, Ti kò sí. So wá wà lẹ́ẹ̀mejì nísàlẹ̀: ẹ fa ihò 2, So ni, ẹ fọn ihò 3, So kan náà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ẹni tó tò ó ti sùn lọ. Kò sùn rárá. Ohun tó fẹ́ ni kí ẹni tí kò kọ́ orin rí lè fi ẹnu bo ihò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí ohun tó máa jáde sì bá ara wọn mu. Fọn ọ́n, Do Mi So. Fà á, So Ti Re. Fún orin ijó àwọn ará Jámánì ìgbà náà, ìyẹn ti tó. Fa àti La ni wọ́n fi san owó rẹ̀.

Àwa tí à ń tẹ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà ò ṣàjèjì sí irú nǹkan báyìí. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n tò fún èdè Gẹ̀ẹ́sì là ń lò. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má tíì sọ ti àmì ohùn. Àwọn kan á ní kò burú, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tá a ní lọ́kàn. Àwọn mìíràn á lọ ṣe àdàkọ lẹ́tà náà láti ibòmíràn, kí wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ wọn, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ fi kọ ojú ewé mẹ́wàá.

Àwọn tó kọ́kọ́ tún hàmóníkà tò kò lo fáìlì rárá. Àwọn aláwọ̀ dúdú gúúsù Amẹ́ríkà ni. Wọ́n ra hàmóníkà tí wọ́n tò sí Do, wọ́n wá kọ̀ láti jókòó sórí Do. So ni wọ́n fi ṣe ilé. Bẹ́ẹ̀ ni fífà ṣe di ibi tí agbára wà: So Ti Re wà nínú èémí tí wọ́n ń fà wọlé, Fa tó wà ní ihò 5 wá di ohùn keje tó rẹlẹ̀ díẹ̀, èyí tí orin blues kò lè ṣe láìsí i. Ètò kan náà ni, ahọ́n kan náà, ṣùgbọ́n ohun èlò mìíràn ló jáde. Ẹ wá DeFord Bailey láti Tennessee, ọ̀kan lára àwọn ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ètò rédíò Grand Ole Opry, kí ẹ gbọ́ bó ṣe sọ hàmóníkà di ọkọ̀ ojú irin nínú Pan American Blues ní 1927. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbọ́ Juke tí Little Walter ṣe ní 1952. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ orin yẹn kó wá sọ pé nǹkan kan sọnù nínú hàmóníkà.

Àṣírí ibẹ̀ ni bend. Nínú ihò kan, ahọ́n méjì ló wà, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Tí ẹni tó ń fọn ọ́n bá mọ bó ṣe ń yí ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ padà, ó lè tẹ èyí tó ga wálẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó rẹlẹ̀. Ní ihò 3, So àti Ti ló ń gbé pọ̀. Àlàfo ààbọ̀ ohùn mẹ́rin ló wà láàárín wọn, ìyẹn ni pé nóòtì mẹ́ta ló fara pamọ́ síbẹ̀. La tá a ní kò sí, ibẹ̀ ló wà ní tòótọ́, ó wà lábẹ́ ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ wà á jáde. Òun gan-an ló sì nira jù láti dì mú: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó ti kọjá, bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, kò tíì dé.

Ibí yìí ni àwọn tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Richter ti máa ń dìde. Wọ́n á ní gbogbo ohùn ti wà níbẹ̀, ọ̀lẹ ló ń wá fáìlì. Ẹlẹ́rìí wọn ni Howard Levy, ẹni tó fi hàn ní nǹkan bí 1970 pé téèyàn bá fi èémí pa ahọ́n kan lẹ́nu mọ́, èkejì lè dún ní ohùn tí wọn kò ṣe é fún. Overblow ni wọ́n ń pè é. Pẹ̀lú bend àti overblow, Levy ń fọn gbogbo ààbọ̀ ohùn méjìlá lórí hàmóníkà kékeré tí gbogbo ayé rò pé kò ju ìṣeré ọmọdé lọ. A fi fìlà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ẹnì kan lè fò kọjá odi kọ́ ni ẹ̀rí pé kò yẹ kí ilé ní ilẹ̀kùn. Nóòtì tá a tẹ̀ kì í dún bí nóòtì tó dúró fúnra rẹ̀. Ó ní àwọ̀ tirẹ̀, ó ń sunkún díẹ̀. Fún blues, ẹkún yẹn gan-an ni orin náà. Fún orin tí kò fẹ́ sunkún, àbùkù ni, kódà lọ́wọ́ ọ̀gá.

Àwọn kan á bi wá pé, ṣé kí wọ́n kúkú ra chromatic oníbọ́tìnnì, irú èyí tí Stevie Wonder àti Toots Thielemans fi gbajúmọ̀? Kí wọ́n rà á jàre. Ohun èlò mìíràn nìyẹn, owó rẹ̀ sì lé sí i. Ọ̀rọ̀ ti kékeré là ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn tó lo fáìlì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Country kò yí ju ahọ́n kan lọ: Fa tó wà ní fífà ihò 5, wọ́n gbé e gòkè ní ààbọ̀ ohùn kan. Charlie McCoy, tó ti fọn hàmóníkà sínú àìmọye àwo orin ní Nashville, ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọn jù. Ẹni tó fi So ṣe ilé wá ní ohùn keje tó ga, èyí tí orin country fẹ́. Ohun tá a fẹ́ràn níbẹ̀ ni bó ṣe san gbèsè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Mi àti Fa ló ń gbé inú ihò 5, wọ́n sún mọ́ra débi pé kò sí nóòtì tẹ́ ẹ lè tẹ̀ láàárín wọn. Nígbà tí Fa gòkè, àyè ṣí sílẹ̀, Fa àtijọ́ wá di ohun tẹ́ ẹ lè tẹ̀ dé. Ohun tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn yí ilé padà ni. Ẹni tó bá ti tún kóòdù àtijọ́ ṣe rí láìba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́ á mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn mọ́ni.

Melody Maker tí Lee Oskar ṣe lọ jìnnà sí i. Ọmọ Denmark ni Oskar, ọ̀kan lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ olórin War sílẹ̀. Ó gbé Fa méjèèjì gòkè, ní ihò 5 àti ihò 9, ó sì sọ So tó wà ní fífọn ihò 3 di La. Tí ẹ bá fi So ṣe ilé, láti fífà ihò 2 dé fífọn ihò 6, ohùn méjèèje pé láìtẹ ìkankan. Ó mọ́, ó dán, ó sì wúlò fún orin ìfẹ́ àti orin ijó Kàríbíà. Ṣùgbọ́n Fa tó rẹlẹ̀ ti kúrò nínú kọ́ọ̀dù fífà, kọ́ọ̀dù tó ní ata nínú tẹ́lẹ̀ ti wá di èyí tí wọ́n fi ṣúgà sí. Àti pé orúkọ kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe ti Do mọ́, ti So ni. Ẹni tó bá kó o pọ̀ mọ́ àwọn tó kù nínú àpò kan náà, kó ṣọ́ra lórí pèpéle.

Èyí tá a fẹ́ràn jù lọ kéré púpọ̀. Paddy Richter ni wọ́n ń pè é. Brendan Power, olórin kan láti New Zealand tó fẹ́ràn orin ijó Ireland, ló sọ ọ́ di mímọ̀. Ahọ́n kan ṣoṣo: fífọn ihò 3 kúrò ní So, ó di La. Ó tán. Ẹ rántí pé So yẹn ti wà ní fífà ihò 2. Nínú ahọ́n ogún, ó mú ọ̀kan tó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń ṣe, ó sì fi dí ihò tó ń dun àwọn tó ń fọn orin Ireland jù.

Kì í ṣe àwọn ará Ireland nìkan ló ń dùn. Púpọ̀ nínú orin ìbílẹ̀ wa, ohùn márùn-ún ló ní: Do Re Mi So La. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ Richter pẹ̀lú ojú yẹn. Fa tí kò sí kò kàn wá. La nìkan ṣoṣo ló kù kí ohùn márààrún pé. Pẹ̀lú Paddy Richter, ẹ fọn ihò 1, ẹ fà á. Ẹ fọn ihò 2, ẹ fà á. Ẹ fọn ihò 3: Do Re Mi So La, lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Nítorí orin òkèèrè ni wọ́n ṣe é, ó sì bá tiwa mu ju èyí tó wà lọ́jà lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé nóòtì kan ṣoṣo ni, kí ló ní ariwo nínú? Nínú orin Gẹ̀ẹ́sì, bóyá. Nínú tiwa, orin máa ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Dò, re, mí ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní àmì ohùn, kì í ṣe eré. Ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ náà ni “ọkọ́”, tó bọ́ sórí So àti La. Hàmóníkà tí kò ní La máa ń mú olùfọn dúró sórí So, So àti So ló wá jáde, ọkọ́ àgbẹ̀ ti di ọkọ ìyàwó. Hàmóníkà kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n dùndún náà kò ní, síbẹ̀ gbogbo wa là ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá ò lè gbọ́ orin aláìlọ́rọ̀ tó mọ̀ kó má gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí “ṣáà tẹ̀ ẹ́” fi jọ “wọ́n á mọ ohun tá a ní lọ́kàn” létí wa.

Kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ o. Do Mi So ìsàlẹ̀ ti bàjẹ́. Do Mi La ló kù níbẹ̀, ìyẹn sì mú kí orin tó yẹ kó múnú ẹni dùn máa fajú ro díẹ̀. Àwọn tó máa ń fi ahọ́n ara wọn dí ihò àárín kí So ihò 3 àti So ihò 6 lè dún pọ̀, eré yẹn ti tán. Èyí tó dun èmi àti ìwọ tó fẹ́ràn ìlù ni pé ihò 3 kò jinlẹ̀ mọ́. La àti Ti sún mọ́ra, nóòtì kan péré ló ṣẹ́ kù láàárín wọn. Lórí Richter, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti Ti kí ẹ máa yọ́ bọ̀ wálẹ̀ títí, bí ìgbà tí onídùndún tú ọwọ́ lára ọsán, ohùn òkè á já sí ìsàlẹ̀ bó ṣe ń já nínú “náà”. Ihò yẹn ló mọ ìyọ́ yẹn ṣe jù lọ nínú gbogbo hàmóníkà, ihò yẹn náà la sì dí. Ẹni tó fẹ́ kọrin á gbà á. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ìlù, kó fi Richter rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Títún un ṣe kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi ìdè onísíkúrù dè. Marine Band àtijọ́ tí wọ́n fi ìṣó kàn á dá yín lágara. Ahọ́n fífà wà ní òde, ẹ máa rí i tí ẹ bá ṣí ìbòrí, ṣùgbọ́n ahọ́n fífọn wà nínú, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ tú àwo òkè kúrò pátápátá. Ẹ ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ahọ́n náà kó má bàa tẹ̀, ẹ rọra ha orí rẹ̀, ohùn á máa gòkè. Tí ó bá gòkè jù, ẹ ha ìdí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti kàn án mọ́ àwo, á sọ̀kalẹ̀. Ẹ má kánjú, idẹ tẹ́ ẹ ti ha kúrò kò ní padà. Áàpù tó ń wọn ohùn lórí fóònù á ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ ẹ má fi í ṣe adájọ́ lórí kọ́ọ̀dù. Tí a bá pín ààbọ̀ ohùn kan sí ọgọ́rùn-ún, Mi tí áàpù mọ̀ fi nǹkan bí 14 ga ju Mi tó bá Do mu délẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀dù Marine Band àtijọ́ fi máa ń dún bí ẹni tó gbé oyin mì, tí àwọn hàmóníkà tí wọ́n tò bíi dùùrù ṣe máa ń gbọ̀n díẹ̀. Ní ti La ihò 3, inú orin ló sábà máa ń wà, kì í ṣe inú kọ́ọ̀dù, áàpù tó fún un.

Ó wá ku àwọn tó wó gbogbo ilé. Circular ni olórí wọn: nóòtì ń tẹ̀ lé ara wọn láti ihò 1 dé ihò 10, fọn, fà, fọn, fà, láìfo ìkankan. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Òfin kan, kò sí àyàfi. Kọ́ọ̀dù tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ náà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ méje kì í ṣe nọ́ńbà tó pín sí méjì. Do tí ẹ fọn nísàlẹ̀, fífà ló máa jẹ́ tó bá tún padà dé lókè, lẹ́yìn náà fífọn. Orin kan náà, tí ẹ bá gbé e gòkè, ẹ gbọ́dọ̀ tún èémí yín kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Do méjì tó tẹ̀ lé ara wọn ò sì lè dún pọ̀ láéláé, nítorí kò sẹ́ni tó lè fọn kó tún fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rẹwà lórí ìwé ju bó ṣe rẹwà lẹ́nu lọ.

Iléeṣẹ́ Seydel ti ìlú Klingenthal máa ń jẹ́ kí oníbàárà yan nóòtì ahọ́n kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tó ṣe é fún un. A jókòó, a ya ètò kan tó jẹ́ ohùn márùn-ún nìkan, Do Re Mi So La, fọn fà fọn fà, kò sí Fa, kò sí Ti. Ahọ́n ogún, ohùn márùn-ún, ó pé ìpele mẹ́rin láìṣẹ́ kù. Mi àti So bọ́ sínú ihò kan, ẹ lè tẹ So wálẹ̀ dé Fa. La àti Do bọ́ sínú òmíràn, ẹ lè tẹ Do dé Ti. Ó dùn ún wò. Àmọ́ márùn-ún náà kò pín sí méjì, àrùn Circular ló tún ń ṣe é. Ìpele mẹ́rin sì pọ̀ jù fún ẹnu kan: ahọ́n òkè á máa han bí ìpè ẹyẹ, kò sì sí orin tá a mọ̀ tó máa gbé wa débẹ̀. A kò paṣẹ rẹ̀.

Méjì ló wà nínú báàgì wa báyìí, Do kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ Richter bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Èkejì, a fi ṣẹ́ńṣẹ́ǹ ṣe àmì tóótòòtó pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kẹta, kí ọwọ́ lè mọ èyí tó mú kí ẹnu tó dé ibẹ̀.